Bíà Kíkan Tí Mo Lọ Tọ́ Wò ní Òpómẹ́ta

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má lọ, mo lọ, mo sì ti dé. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé, ahọ́n mi tí mo fi jẹun fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sì wà lẹ́nu mi bó ṣe wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ ọ́ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ìyá Dúpẹ́ kọjá ẹnu ibodè nítorí ọtí, òótọ́ lẹ sọ. Nítorí ọtí ni. Ẹ jókòó, kí n sọ irú ọtí tó jẹ́ fún yín.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, iṣẹ́ ìtọ́wò ni mo ṣe ní iléeṣẹ́ ọtí kan n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Iléṣà. Wọ́n á gbé gíláàsì síwájú mi láàárọ̀, màá wò ó, màá gbóòórùn rẹ̀, màá fi kan ahọ́n, màá sì sọ bóyá kó jáde lọ sọ́jà tàbí kí wọ́n dà á nù. Mi ò mutí yó rí láyé mi. Ẹni tó ń mutí yó ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún oṣù kan.

Nígbà kan, iléeṣẹ́ rán mi lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù fún oṣù méjì kí n lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí bíà kíkan. Òyìnbó kan bù ú fún mi nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n, mo sì tu ú sílẹ̀ lójú rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Níbi tí mo ti wá, ọtí tó bá ti kan ti bàjẹ́ nìyẹn. Ni ọmọkùnrin dúdú kan tó ń fọ agbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ má tu ú. Ẹ mu ún bí ẹni ń jẹ àgbálùmọ̀."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Orí mi wú. Àkànbí lorúkọ rẹ̀, Mọ́ríìsì lorúkọ ìwé rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Kétu ni, ní apá ọ̀dọ̀ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀. Òun ló kọ́ mi pé bíà yìí máa ń sùn nínú agbá igi fún ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, pé kíkan tó ń kan kì í ṣe ti ìbàjẹ́. Kíkan dáadáa máa ń mọ́ lẹ́nu, ó máa ń gùn, kì í họ ọ̀fun. Èyí tó bá ń họ ọ̀fun, fínígà ni, kí wọ́n máa fi po sàláàdì. Èmi náà kọ́ ọ bí a ṣe ń fi imú ṣiṣẹ́ kí ẹnu tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ nílé, ó ní, "Lọ́jọ́ kan màá pọn irú èyí nílé wa, ẹ̀yin lẹ ó sì wá tọ́ ọ wò." Mo ṣe àmín bí a ṣe ń ṣe é fún ọmọdé.

Ọdún gorí ọdún. Lọ́dún yìí ni fóònù dún. "Màmá, ó ti pé ọdún mẹ́ta nínú agbá. Ẹ máa bọ̀."

Mo ní, ìwọ ọmọ yìí, o ṣe é lóòótọ́. Kò tilẹ̀ dúró gba ìyìn. Ó ní ọ̀gá òun ní Bẹ́ljíọ̀mù ò tíì fi ẹlòmíràn sí ipò òun. "Bẹ́ ẹ bá ní ó dára, màá dúró sílé, iṣẹ́ yìí ni màá máa ṣe. Bẹ́ ẹ bá ní ó ti bàjẹ́, màá padà lọ, mi ò sì ní í gbìyànjú ẹ̀ mọ́. Ẹnu yín nìkan ni mo gbà gbọ́."

Mo ní, "Ìyá rẹ ń kọ́?"

Ó ní, "Wọ́n wà níbí."

Ẹnu ibodè

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ibi tí a ti wọ̀ ọ́ dá yín dúró. Ìlárá ni ilẹ̀ tiwa ti parí. Ọmọkùnrin aṣọ́bodè kan tú àpò mi, ó bá gíláàsì mẹ́fà tí mo fi gèlè dì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Bíà ni mo fẹ́ fi tọ́ wò."

Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ìyá àgbà bíi tiyín?"

"Iṣẹ́ mi ni."

Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n bá mi di gíláàsì padà dáadáa, èyí àkọ́kọ́ sì ní bí mo bá ń bọ̀ kí n rántí pé òun náà ní ahọ́n.

Mo ti dé ilẹ̀ òyìnbó rí, mo mọ bí a ṣe ń jẹ́ àjèjì láàárín ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹni. Ẹ̀rù ìyẹn ò bà mí mọ́. Èyí tí mi ò mọ̀ ni bí a ṣe ń jẹ́ àjèjì láàárín ẹni tó ń sọ èdè ẹni. Ní òdìkejì Ìlárá, ojú tí mo rí, ojú wa ni. Ẹnì kan á kí mi ẹ kú ìrìn, inú mi á dùn, n ó ṣe bí ẹni dé ilé, ni gbólóhùn kejì á bá gba ọ̀nà Faransé lọ, n ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀. Gbogbo pátákó ojú ọ̀nà, mi ò lè kà á. Èmi tí mo ka ìwé títí dé Pólì.

Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti ra àkàsà, ẹ̀kọ àwọn ará ibẹ̀, lọ́wọ́ obìnrin kan. Ó kí mi. Ó kí ilé, ó kí àwọn ọmọ, ó kí ọ̀nà tí mo rìn, ó kí àwọn tí mo fi sílẹ̀, kó tó wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà. Bó bá jẹ́ l'Iléṣà ni, a ti rà, a ti jẹ, a ti ń bá tiwa lọ. Nígbà tí mo dáhùn tán, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, ó gbọ́ Nàgó." Nàgó ni wọ́n ń pe èdè náà níbẹ̀. Ó ń yìn mí bí a ṣe ń yin òyìnbó tó bá lè sọ pé ẹ káàárọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jẹ àkàsà mi. Ó dùn.

Igbá omi

Abúlé àgbẹ̀ ni Òpómẹ́ta, Okpomèta ni wọ́n kọ sára pátákó rẹ̀. Ilẹ̀ pupa, oko àgbàdo, oko ẹ̀pà, igi tíìkì tó tò lọ. Abẹ́ máńgòrò ni Àkànbí ti ń dúró dè mí. Ewú ti wà lórí ọmọ tí mo fi sílẹ̀ tó ń fọ agbá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn, mo ní kó dìde, ó ní ó dìgbà tí mo bá fọwọ́ kàn án.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Á tó ọmọ ọgọ́rin ọdún, ó kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà bíi ti ọmọge. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá omi dání. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò dá mi lóhùn, ó kàn na igbá náà sí mi.

Ibẹ̀ ni mo ti ba nǹkan jẹ́. Atọ́wò kì í mu omi tí kò mọ̀ bí iṣẹ́ bá ku ọ̀la, ẹ̀rù inú rírun sì tún ń bà mí. Mo yọ omi oníke tí mo gbé wá láti ilé jáde nínú àpò, mo ní, "Ẹ ṣé o, Màmá, mo ní omi lọ́wọ́."

Ìyá náà fa igbá rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan dà nínú rẹ̀, ó sì gbé e wọlé. Àkànbí ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ilẹ̀ òkè la wà yìí. Omi jìn sí wa. Kí ẹ̀rọ omi tó dé, òjò là ń gbà sínú kòtò, òun la fi ń la ẹ̀ẹ̀rùn já. Bí àlejò bá dé, omi la kọ́kọ́ ń fún un. A kì í béèrè ibi tó ti wá, a kì í béèrè ohun tó bá wá, títí á fi mu ún. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ìjà ló bá wá."

Ojú tì mí. Mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ, mo tún kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, mi ò bá ìjà wá. Àìmọ̀kan ló ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Lẹ́yìn náà ó gbé igbá náà, ó kọ́kọ́ fi kan ẹnu tirẹ̀ kí n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó sì gbé e fún mi. Omi náà ní òórùn ilẹ̀ àti èéfín díẹ̀. Mo mu ún tán pátápátá. Ìgbà yẹn ló tó sọ̀rọ̀.

"Ilé ń kọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, Màmá."

"Àwọn ọmọ ń kọ́?"

"Ọ̀kan ni mo bí. Dúpẹ́. Ó wà ní Kánádà."

Ó mi orí. "Ìwọ lo máa sọ bóyá ọmọ mi á lọ."

"Bíà ni mo wá tọ́ wò, Màmá."

"Ọ̀kan náà ni."

Ó sọ fún mi, láìgbé ohùn sókè, pé Àkànbí ti wà lọ́hùn-ún fún ọdún mọ́kànlá nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìwé rẹ̀ ò tíì pé, kò lè wá. Àwọn àbúrò ló bu erùpẹ̀ sára bàbá, tí àkọ́bí sì ń sunkún nínú fóònù. Ó ní bí òun náà bá kú báyìí, òun fẹ́ kí ọwọ́ Àkànbí wà níbẹ̀, òun ò fẹ́ fóònù. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo rí Dúpẹ́ mi sójú gbẹ̀yìn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí ń sọ ló ń bá mi lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ahọ́n mi sọ̀rọ̀ nínú pé má gbọ́ èyí, iṣẹ́ lo bá wá.

Ó gún iyán fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú wàrà dídín nínú ọbẹ̀, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ẹlẹgbẹ́ mi, mi ò purọ́, iyán náà kò ní kókó kankan. Lẹ́yìn oúnjẹ ó gbé ṣàpàló tirẹ̀ wá, ọtí bàbà tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pọn. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tó ti ń pọn ọ́n. Ọjọ́ kìíní ó ń dùn, ọjọ́ kejì ó ń ta ahọ́n, ọjọ́ kẹta ó ti kan. Bó bá ti ń gbìyànjú àtikan, wọ́n á da ṣúgà tàbí oyin sí i, wọ́n á sì tètè tà á tán kó tó dójú tini. Ti ọjọ́ kejì ló gbé fún mi. Mo fi imú sí i, mo mu ún, mo sọ ohun tí mo bá níbẹ̀ fún un: bàbà tí wọ́n jẹ́ kó hù dáadáa, iná igi tí kò yára jù, ìkòkò àtijọ́. Ó la ẹnu sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Ó ní, "Mo tọ́ ti ọmọ mi wò. Ó kan."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Màmá."

"Òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ti bá òyìnbó gbé." Ó gba igbá lọ́wọ́ mi. "Ó kan gan-an ni."

Inú kòtò

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìyá náà fi iṣu sísun àti oyin síwájú mi. Oyin igbó ni, láti Kpankou tó wà nítòsí, ó dúdú, ó ní òórùn èéfín, ó sì ń korò díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun. Atọ́wò kì í jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ omi àná, ta ni mí tí n ó kọ oyin? Mo jẹ ẹ́, mo fọ ẹnu mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ rò pé ilé ńlá kan ni Àkànbí kó agbá rẹ̀ sí? Kòtò omi bàbá rẹ̀ ni. Ẹnu kòtò náà kò fẹ̀ ju ohun tí èjìká lè gbà lọ, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti fi àkàsọ̀ sọ̀kalẹ̀, inú rẹ̀ fẹ̀ bí inú ìkòkò. Bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ omi ti dé ló ti gbẹ. Lókè, oòrùn ti ń ta. Nísàlẹ̀, mo fi ìborùn bo èjìká. Àkànbí ní ọjọ́ tí òun wá sinmi nílé tí òun sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ lòun ti mọ̀ pé iṣẹ́ òun wà nílé.

Agbá méjì ló wà níbẹ̀, inú kòtò ni Àkànbí ti to igi wọn pọ̀. Ó bu ti àkọ́kọ́, ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, kòtò yín rèé o." Ó kọ́kọ́ fi kan ẹnu tirẹ̀, ó gbé e fún mi. Kò tíì dé imú mi tán tí mo ti mọ̀. Mo tọ́ ọ wò ṣá, torí iṣẹ́ niṣẹ́. Ó họ mí lọ́fun.

Mo ní, "Àkànbí, fínígà ni."

Ó ní, "Mo mọ̀, Màmá. Igi ẹ̀ ló sán, atẹ́gùn wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa tàn mí ni."

Inú bí mi díẹ̀. Inú mi sì tún dùn. Ó wá bu ti ìkejì. Gbogbo ọdún mẹ́ta, gbogbo ọ̀rọ̀ dídúró àti lílọ, inú agbá kan yẹn ló kù sí.

Àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi tí wọ́n se pòròpórò bàbà. Ó hó ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fi imú sí i: mo bá igi níbẹ̀, mo bá èèpo àgbálùmọ̀, mo bá yàrá tí wọ́n kó iṣu pamọ́ sí. Mo sì bá oyin. Mo mu ún. Ó kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ó kan, kíkan tó mọ́ tó sì gùn, ara mi ń sọ pé hẹn ẹn, ni oyin bá tún gba ẹ̀yìn wọlé.

Mo bú ara mi. Mo ní àgbàyà, o jẹ oyin láàárọ̀, o wá ń wá a nínú gíláàsì ọmọ ọlọ́mọ. Mo gun àkàsọ̀ padà sókè, mo jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo fọ ẹnu, mo jẹ búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀, mo dúró títí ahọ́n mi fi rọ̀. Mo tún sọ̀kalẹ̀. Oyin náà wà níbẹ̀. Èéfín rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìkorò ẹ̀yìn ọ̀fun náà wà níbẹ̀.

Mo fi etí lé agbá. Bíà ọdún mẹ́ta yẹ kó ti sùn fọnfọn. Èyí ń kùn nínú, ó ń ṣiṣẹ́. Mo gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Àkànbí, mo tàn án sí ìdí agbá, mo sì rí èèrà. Wọ́n tò láti ara àkàsọ̀ lọ tààrà sí ìdérí agbá kejì. Kò sí ẹyọ kan lára ti àkọ́kọ́. Ẹ bi mí, kí lèèrà ń wá lọ́dọ̀ ọtí kíkan?

Àkànbí ò wo èèrà. Ojú mi ló ń wò, bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de èsì ìdánwò. "Màmá?"

"Fún mi di ọ̀sán."

"Ó ti bàjẹ́, àbí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní di ọ̀sán."

Oyin

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá ìyá náà, ó ń fẹ́ bàbà tó ti hù nínú atẹ. Mo jókòó tì í lórí àpótí.

"Màmá, ìgo oyin mélòó ló wọ inú agbá yẹn?"

Kò gbójú sókè. Ó fẹ́ bàbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì.

"Mẹ́rin," ó ní.

"Báwo lẹ ṣe sọ̀kalẹ̀ àkàsọ̀ yẹn?"

"Èmi ni mo ń sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ pọnmi kí wọ́n tó bí i." Ó gbé atẹ sílẹ̀. "Ọjọ́ tó sọ pé o ń bọ̀, ó lọ s'Ádakplamè lọ wo bàbà lóko. Mo sọ̀kalẹ̀, mo tọ́ ọ wò, ó kan. Ọmọ mi pọn ọtí, ó kan mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì gbà pé ó ti bàjẹ́. Àlejò ń bọ̀ wá sọ fún un pé ó kan, ọmọ mi á sì di ẹrù rẹ̀. Mo mọ ohun tí a ń ṣe fún ọtí tó bá kan. Kí ni ìwọ ì bá ṣe?"

Ẹ̀yin ará, bó bá jẹ́ pé oyin lè dá Dúpẹ́ padà láti Kánádà, ìgo mẹ́jọ ni ǹ bá dà sí i.

Ó rọrùn láti sọ fún Àkànbí pé ó dára, kí n sì máa bọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n bó bá rọ ọtí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìgo, ìgo á máa bú gbàmù lójú àwọn èèyàn. Àti pé èmi ò purọ́ mọ́ gíláàsì rí. Mo sọ fún ìyá náà pé ọtí yẹn ò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Mo ní kíkan ni ẹwà rẹ̀, pé ohun tó rò pé ó jẹ́ àrùn lọmọ rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́ta wá. Ó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ yí padà, omi gba ojú rẹ̀. "Èmi ni mo bà á jẹ́ nígbà náà."

"Ẹ ò bà á jẹ́. Ẹ jí i lójú oorun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un, Màmá. Bó bá ti ẹnu mi jáde, ẹjọ́ ni mo rò. Bó bá ti ẹnu yín jáde, ọ̀rọ̀ ilé ni."

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán ló ti sọ ọ́. Kò yí i po. Ó ní, "Àkànbí, mo da oyin sínú ọtí rẹ. Ìgo mẹ́rin. Mo rò pé mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́." Àkànbí dá òkèlè dúró lágbedeméjì ẹnu. Ó fi í sílẹ̀, ó dìde, ó lọ jókòó sẹ́nu kòtò bàbá rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ìyá rẹ̀ ń sunkún láìdún. Èmi náà ò jẹun mọ́.

Nígbà tó padà wá, ó dúró lókè orí ìyá rẹ̀. "Ìyá, ọdún mẹ́ta."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò bi mí."

"Bí mo bá bi ẹ́, wàá ní kí n má ṣe é."

Ó fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, lẹ́yìn náà ó di ẹkún lóòótọ́, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbé orí lé e léjìká. Ọkùnrin onírun ewú. Nígbà tó pẹ́, ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ sọ tẹnu yín."

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ níwájú ọ̀gá mi n'Ìbàdàn. "Ọtí tó wà lábẹ́ oyin yẹn, láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní Bẹ́ljíọ̀mù, irú rẹ̀ ò tíì kan ahọ́n mi. Ó kan, ó mọ́, ó gùn. Ṣùgbọ́n oyin ti jí i. Bí mo bá ní ó dára lónìí, irọ́ ni. Bí mo bá ní ó ti bàjẹ́, irọ́ ni. Jẹ́ kó jẹ oyin yẹn tán, kó tún sùn. Ó di àmọ́dún."

"Ọdún kan?"

"Ọdún kan gbáko. Má fọwọ́ kàn án."

"Ọ̀gá mi ò ní í dúró dè mí fún ọdún kan."

"Mi ò mọ ti ọ̀gá rẹ. Ti agbá ni mo mọ̀."

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹnu kòtò. Ó mú fóònù, ó lọ sábẹ́ máńgòrò, ó fi Faransé sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èmi àti ìyá náà ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Nígbà tó dé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó padà sídìí oúnjẹ. "Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn," ó ní. Ìyá rẹ̀ mú wàrà tó tóbi jù nínú àwo tirẹ̀, ó fi sínú ti ọmọ rẹ̀.

Ìpadàbọ̀

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀, ìyá náà tún gbé igbá omi fún mi. Mo ti na ọwọ́ kó tó na tirẹ̀. Àkànbí so àpò mi mọ́ ẹ̀yìn zémì, ọ̀kadà àwọn ará ibẹ̀, ó bá mi ka gíláàsì mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ de àmọ́dún. Mo fi í sílẹ̀.

Ìyá náà sìn mí dé ìdí ọ̀kadà. Ó di oyin Kpankou ìgo kan fún mi nínú aṣọ, ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́ sí Dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ pa mí lẹ́kún. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó wẹ̀yìn wò bóyá ọmọ rẹ̀ ti jìnnà, ó sì fa etí mi sún mọ́ra.

"Ìyá Dúpẹ́, ìgo mẹ́rin ló fa ọdún kan, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìgo mẹ́jọ ń kọ́?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ó ní rárá o, òun kàn ń béèrè ni. Ọ̀kadà ti gbé mi kọjá oko ẹ̀pà kí n tó rántí pé mi ò bi í iye ìgo oyin tó kù nínú yàrá rẹ̀.